Bí Mo Ṣe Rin Orí Odi Róòmù Láti Pálọ̀ Mi ní Kàbà

Èèyàn kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń pè mí ní Póòpù. Àwọn yòókù tó mọ orúkọ náà ti lọ, wọ́n sì gbé e lọ pẹ̀lú ara wọn. Ẹni tó kù yìí, olùkọ́ Jọ́gíráfì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ògìdì ni, àmọ́ Kàbà, ìlú ìyàwó rẹ̀, ló kọ́lé sí, ilé kẹrin sí tèmi. Tíṣà ni mo ń pè é. Yàrá kan náà la jọ gbé ní yunifásítì, nílẹ̀ Haúsá, nígbà tí àwa méjèèjì ṣì ní irun lórí. Láràárọ̀, tó bá ti ka ìwé ìròyìn àná tán nílé rẹ̀, á rìn wá sí fàráńdà mi, á jókòó sórí àga onírọ́bà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti sán, á ní, “Okun o, Póòpù.” Èmi náà á ní, “Okun, Tíṣà.” Lẹ́yìn náà la óò wá máa bú ìjọba.

Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ wa, ó yẹ kí n là á yé e pé “okun” la fi ń kí èèyàn níbí, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lẹ́nu iṣẹ́, lójú ọ̀nà. A kí i, a kí i, títí àwọn ará ibòmíràn fi sọ ọ́ di orúkọ wa. N kò mọ ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n ń fi ìkíni pè. Mo tètè ń sọ ọ́ torí pé ìkíni yìí gan-an ló pa mí ní Róòmù, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ògiri kan ló sọ mí di Póòpù. Ní Róòmù, láti ààfin Póòpù dé ilé olódi ribiti kan tó wà létí odò, odi gíga kan wà tí wọ́n la ọ̀nà sí lórí. Ọ̀nà náà há, kò gùn ju ìdajì máìlì lọ, ògiri kéékèèké sì wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀ tí èèyàn lè sá pamọ́ sí. Bí ọ̀tá bá dé, Póòpù á gba orí odi sá wọ ilé olódi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní kan ilẹ̀ ìgboro. Ó ti tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ya wọ ìlú náà, tí Póòpù ìgbà yẹn sì sá gba ibẹ̀. Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń sá tẹ̀lé e ló bọ́ aṣọ elésè àlùkò tirẹ̀ bò ó, kí àwọn tó ń yìnbọn nísàlẹ̀ má baà rí funfun yẹn fojú sùn.

Nígbà tí olùkọ́ wa ní yunifásítì sọ ìtàn yìí nínú kíláàsì, díẹ̀ ló kù kí n dìde dúró. Ìyá ìyá mi ti sọ ọ́ fún mi kí n tó mọ̀ pé ibì kan ń jẹ́ Róòmù. Nínú tirẹ̀, àwọn Núpé ẹlẹ́ṣin ló dé. Orí òkè ẹ̀yìn abúlé ni àwọn èèyàn wa ń sá lọ, wọ́n ń gba ọ̀nà tóóró kan láàárín àpáta. Ìyàwó kan tó pọn ọmọ wà láàárín wọn, aṣọ funfun ló ró, àwọn àgbà sì ń pariwo mọ́ ọn láti òkè pé kó bo funfun yẹn. Ni ìyá ọkọ rẹ̀ bá tú aṣọ dúdú ìdí tirẹ̀, ó jù ú bò ó. Bí ìyá àgbà bá dé ibẹ̀, á sọ pé, “Ìhòòhò ni ìyá ọkọ fi gun òkè.” Á wá rẹ́rìn-ín títí omi á fi dà lójú rẹ̀. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹlẹ́ṣin fún mi rí. Bóyá kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí odi Róòmù nìyẹn. Ojú ìwé mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni, inú ìwé mẹ́rin tó wà ní láíbìrì ni mo sì ti rí gbogbo rẹ̀ kó jọ. Máàkì tó dáa ni wọ́n fún mi. Àmọ́ ẹni tó máàkì rẹ̀ fi bírò pupa kọ ìbéèrè kan sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tó gbẹ̀yìn: ǹjẹ́ òǹkọ̀wé ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín rí? Tíṣà ló kọ́kọ́ ka ìbéèrè náà, nítorí òun ló bá mi gba ìwé náà wá láti ọ́fíìsì. Kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀, gbogbo họ́sítẹ̀lì ti ń bi mí léèrè pé, Póòpù, ǹjẹ́ o ti rìn ín.

Mo búra fún wọn pé màá rìn ín. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi lè rìn, àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé. Nígbà tí àwọn ọmọ jáde tán, orúnkún ní òun kò bá mi dé ibì kankan.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin mi àgbà gba lífù ọ̀sẹ̀ kan, ó wá kí wa láti Lọ́kọ́ja. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, ìyá ọmọ mẹ́ta ni. Ohun tó gbé wá sílé ni àpò aṣọ kan, iṣu márùn-ún tó rà lójú ọ̀nà, àti ẹ̀rọ kan báyìí tí wọ́n fi ń gbá géèmù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó mi ní kó fi ẹ̀rọ ọmọdé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ wa ní ti òun ni, àwọn ọmọ ní tiwọn. Ó ní bí òun bá ti fi gbogbo ọjọ́ buwọ́ lu fáìlì ní ọ́fíìsì, òun fẹ́ fo láti orí òrùlé kan sí òmíràn kí òun tó gbé ìkòkò kaná. Ìyá rẹ̀ wò mí bíi pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Ọjọ́ Ajé ni mo ń gba pálọ̀ kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tí mo fi ojú gán-án-ní tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kan tó fi aṣọ bo orí dúró sórí òrùlé. Ìlú gbalaja wà níwájú rẹ̀, ilé alámọ̀ pupa àti odò. Láàárín ìlú náà, ògiri gígùn kan là á kọjá. Mo sọ fún ọmọ mi pé kó dúró. Mo bi í pé kí ni ògiri yẹn. Ó ní ògiri ni. Mo ní kó yí ojú ọkùnrin náà sí òsì, ó yí i, ààfin wà níbẹ̀. Mo ní kó yí i sí ọ̀tún. Ilé olódi náà wà níbẹ̀, ribiti, létí odò, bó ṣe wà nínú àwòrán dúdú àti funfun tó wà nínú ìwé kẹta nínú mẹ́rin yẹn.

Mo jókòó. Orí àtẹ ẹ̀wà tí ìyàwó mi ń ṣà ni mo jókòó lé.

“Bàbá,” ọmọ mi ní, “ṣé kò sí?”

Mo ní kò sí, kó ṣáà gbé nǹkan ọwọ́ rẹ̀ yẹn wá.

Mo ránṣẹ́ pe Tíṣà. Ó gbé àga onírọ́bà rẹ̀ wọlé láti fàráńdà, nítorí kì í jókòó sórí òmíràn, ó wo tẹlifíṣọ̀n dáadáa. Ó ní odò yẹn ṣàn síbi tó yẹ kó ṣàn sí. Láti ẹnu rẹ̀, ìyìn ńlá nìyẹn. Ó wá yíjú sí mi.

“Póòpù, tó o bá rin ọ̀nà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí o kò kú, n kò ní pè ọ́ ní Póòpù mọ́ láyé. Orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́ ni màá máa pè.”

Mo ní ó ti tán. Ọmọ mi ní àárọ̀ Sátidé lòun ń padà sí Lọ́kọ́ja, ẹ̀rọ náà yóò sì bá òun lọ. Ọjọ́ márùn-ún péré ni mo ní láti fi ṣe ohun tí n kò rí ṣe láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ kò dáa. Ohun tí wọ́n ń dì mú, tí wọ́n ń pè ní páàdì, bọ́tìnì tó wà lára rẹ̀ pọ̀ ju ìka tó wà lọ́wọ́ mi lọ. Mo fi ọkùnrin náà kọlu ògiri títí. Mo gbé e gun ẹṣin tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo mú un kó sódò lẹ́ẹ̀mẹta, ìyàwó mi sì ń gbọ́ “jàbú” láti ilé ìdáná, á wá sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí pé Bàbá wọn tún ti kó sódò. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo rí àtẹ̀gùn kan gùn, mo sì bá ara mi lórí odi.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó lè jọ ẹ̀fẹ̀, àmọ́ omi lé sí mi lójú. Ọ̀nà náà rèé níwájú mi, ó há bó ṣe yẹ kó há, ògiri kéékèèké lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀ṣọ́ kan sì ń bọ̀ lórí rẹ̀, ó dé àṣíborí irin, ó gbé ọ̀kọ̀ lé èjìká.

Mo bi ọmọ mi pé bọ́tìnì wo ni wọ́n fi ń kí èèyàn. Ó ní kò sí. Mo rò pé kò gbọ́ mi dáadáa ni. Ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn méjì lọ, ẹnì kan ń bọ̀ níwájú, wọ́n sì fẹ́ kí n kọjá lára rẹ̀ bí ewúrẹ́? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, ó sì bá tirẹ̀ lọ sọ́jà. Èmi kò gbà. Mo dán àwọn bọ́tìnì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi rí ọ̀kan tó jẹ́ pé bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin mi á na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Inú mi dùn. Mo sọ fún Tíṣà pé mo ti rí i.

Mo súnmọ́ ẹ̀ṣọ́ náà, mo tẹ bọ́tìnì, mo sì ní, “Okun o.” Ó fi ọ̀kọ̀ gún mi.

A rò pé àṣìṣe ni. Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo tún kí i, ó tún gún mi. Tíṣà ní bóyá Yorùbá kò yé e, kí n kí i ní Haúsá, nítorí àwa tá a kàwé nílẹ̀ Haúsá, òun la máa ń gbé jáde fún àjèjì. Mo na ọwọ́, mo ní “sànnu.” Ẹ̀ṣọ́ méjì ló pa mí lọ́tẹ̀ yìí. Tíṣà ní ó hàn gbangba pé wọn kò fẹ́ Haúsá rárá. Inú ń bí mi díẹ̀díẹ̀. Mo sọ fún un pé ìlú tí wọ́n ń bu ọlá fún báyìí, tí gbogbo ayé ń wọ́ lọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo sọ ohun púpọ̀ nípa àwọn ará Róòmù lọ́jọ́ yẹn. Mo kú lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

Nígbà tí ọmọ mi ti ọjà dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì tòmátì lọ́wọ́, ó wo bí mo ṣe ń na ọwọ́ sí ẹ̀ṣọ́ náà lẹ́ẹ̀kẹwàá.

“Bàbá,” ó ní, “ọ̀bẹ lẹ ń yọ sí wọn.”

Mo ní ọ̀bẹ wo. Ó wá sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó fi ìka tọ́ka sí ọwọ́ ọkùnrin náà. Awò ojú mi ti pẹ́, àmọ́ nígbà tó tọ́ka sí i, èmi náà rí i. Abẹ ṣóńṣó kan ń tàn yanranyanran ní ìparí ìkíni mi.

Ẹ̀rín tí Tíṣà rín lọ́jọ́ náà ló parí ẹsẹ̀ àga onírọ́bà rẹ̀. Ilẹ̀ ló ti rín ìyókù. Ó ní láti ọ̀sán ni àwọn ọmọ olọ́mọ ti ń ṣọ́ ibi iṣẹ́ wọn jẹ́jẹ́, tí bàbá àgbà kan ń yọ ọ̀bẹ sí wọn, tó ń béèrè okun, tó tún ń bú wọn pé wọn kò ní ẹ̀kọ́. Ìyàwó mi jáde wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń ṣàkíyèsí pé èmi kì í wo ohun tó bá wà lọ́wọ́ mi.

Láti Ọjọ́rú, mo pa ìkíni tì. Mo pinnu láti máa sáré kọjá. Èyí tún burú jù, nítorí bí wọ́n bá ti rí ẹni tó ń sáré lórí odi, gbogbo wọn á gbá tẹ̀lé e, àwọn tó wà lórí òrùlé á sì máa yìnbọn. Ọmọ mi ṣàánú mi. Ó ní kí òun gba páàdì, ìṣẹ́jú méjì ni òun yóò fi pa gbogbo ẹ̀ṣọ́ tó wà lórí odi, kí n wá rìn tèmi ní ìrọ̀rùn. Mo ní rárá, mo ń lọ rìn ni, n kò lọ jagun. Ó ní mo le jù. Tíṣà, tó ti gbé àga mìíràn wá láti ilé rẹ̀, ní kó má dá mi lóhùn, bí mo ṣe rí nìyẹn ní họ́sítẹ̀lì.

Ọjọ́ Ẹtì, iná kò dé títí ó fi di aago mẹ́ta ọ̀sán. Ọmọ mi ti ń ká aṣọ sínú àpò. Mo sáré, wọ́n pa mí. Mo tún sáré, mo ré bọ́ sílẹ̀ láti orí odi sórí kẹ̀kẹ́ ẹrù kan tí koríko kún inú rẹ̀. Ìyàwó mi wọlé wá pẹ̀lú àtẹ ẹ̀wà rẹ̀, ó wá ibi tó jìnnà sí mi jókòó sí, ó wò mí díẹ̀.

“Bàbá wọn,” ó ní, “ìgbà wo lẹ sáré kẹ́yìn?”

Mo ní ó ti pẹ́.

“Kí wá ló dé tí òun fi ń sáré? Ẹ jẹ́ kó rìn bí ẹ ṣe ń rìn. Ẹ sì fi ẹnu kí wọn. Àbí ẹnu náà ní bọ́tìnì ni?”

Mo ṣe bó ṣe wí. Igi kékeré kan wà lórí páàdì tí wọ́n fi ń darí ẹsẹ̀. Mo ti ń tì í dé òpin láti ọjọ́ Ajé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kàn fi àtàńpàkò sún un díẹ̀, bí ẹni ń wò bóyá àmàlà ti jinná. Ọkùnrin mi dáwọ́ eré dúró. Ó wá ń rìn jẹ́jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí bàbá kan tó ti pẹ́ fún ìsìn ṣùgbọ́n tó mọ̀ pé wọn kò lè lé òun jáde. Ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ dúró, ó ń wò ó. Àmì kan yọ lókè orí rẹ̀, èyí tí ọmọ mi ní ìfura ni, ó sì ń kún díẹ̀díẹ̀. N kò fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan.

“Okun o,” mo ní.

“Okun, Bàbá,” Tíṣà dáhùn, ó fi ohùn ìsàlẹ̀ imú sọ ọ́, bó ṣe rò pé ẹ̀ṣọ́ máa ń sọ̀rọ̀.

Àmì náà pòórá. Ẹ̀ṣọ́ kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń wo odò.

Mo ń lọ. Mo kí ẹ̀ṣọ́ kejì, Tíṣà dá mi lóhùn, ó sì béèrè àlàáfíà ilé. Mo ní wọ́n wà. Ẹ̀ṣọ́ kẹta bi mí bóyá òjò ti rọ̀ níhà ọ̀dọ̀ wa. Lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́ karùn-ún, ìyàwó mi ló dáhùn, nítorí ó ní ojú Tíṣà kò jọ ti ẹni tó ń ṣọ́ nǹkan. Ó bi mí pé ibo ni mo ń lọ tí n kò mú fìlà. Ọmọ mi fi aṣọ tó ń ká sílẹ̀, ó wá dúró lẹ́yìn àga mi.

Ní àárín ọ̀nà, ibi tí kò sí ẹ̀ṣọ́, mo jẹ́ kí ọkùnrin náà dúró, mo sì yí ojú rẹ̀ sísàlẹ̀. Àwọn obìnrin ń kọjá ní ìgboro, wọ́n ru agbọ̀n. Ẹnì kan sá aṣọ sórí okùn, funfun ni gbogbo rẹ̀. Láti orí odi, funfun ló kọ́kọ́ gba ojú mi. Ìyá àgbà mi kò pa irọ́, bíṣọ́ọ̀bù yẹn náà mọ ohun tó ń ṣe. Mo rò pé màá sọ ọ́ fún wọn, mo wá rí i pé kò sẹ́ni tó ń wò mí. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò, wọ́n fẹ́ kí n máa lọ.

Mo kí ẹ̀ṣọ́ tó gbẹ̀yìn. Mo dé ẹsẹ̀ ilé olódi. Ilẹ̀kùn ńlá kan wà níbẹ̀, onígi, tí wọ́n kan irin mọ́. Mo rìn débẹ̀, kò ṣí. Mo tẹ àwọn bọ́tìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí ti ọ̀bẹ. Ọ̀rọ̀ kan yọ lójú tẹlifíṣọ̀n pé a kò tíì lè wọ ibí báyìí. Ọmọ mi ní bó ṣe rí nìyẹn, iṣẹ́ pọ̀ tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe parí kí ilẹ̀kùn yẹn tó ṣí, ó tó ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń sọ fún èèyàn pé ọ̀gá kò sí ní ọ́fíìsì.

Mo wo Tíṣà. Mo ti múra àwíjàre sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó fún mi ní ọwọ́, ó ní, “O ti rìn ín. Mo rí i.” Ó wá pè mí ní orúkọ tí bàbá mi sọ mí, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ti bàbá mi gan-an.

Àárọ̀ Sátidé, ọmọ mi lọ, ẹ̀rọ náà bá a lọ. Ní aago mẹ́sàn-án, Tíṣà dé, ó jókòó, ó kí mi okun, ó sì tún pe orúkọ náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, àti ní ọjọ́ Ajé. Orúkọ rere ni, n kò sọ pé kò dáa. Àmọ́ ibì kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń pè mí bẹ́ẹ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń yẹ àwa tó ti fẹ̀yìn tì wò bóyá a ṣì wà láàyè. Bí ó bá ti pè é, ṣe ló ń ṣe mí bíi kí n nawọ́ sókè, kí n ní mo wà níbí. Ọ̀rọ̀ kò sì lọ geere láàárín wa mọ́. A tilẹ̀ bú ìjọba, kò dùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo sọ ọ́.

“Tíṣà, ilẹ̀kùn yẹn kò ṣí.”

“Ilẹ̀kùn wo?”

“Ti ilé olódi. Póòpù tó sá lọ nígbà yẹn, inú ilé ló wọ̀. Èmi, ìta ni mo dúró sí. Ojú ìwé kejìlélọ́gọ́rin iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú ilé olódi ni òpin ọ̀nà náà wà.”

Ó fara balẹ̀ rò ó, bí ẹni ń máàkì ìwé ìdánwò. Ó bi mí pé ṣé mo ń sọ pé n kò tíì rìn ín dé òpin. Mo ní bí ẹ̀rí ṣe fi hàn nìyẹn. Ó mí kanlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde síwájú, ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ Ẹtì, àánú mi ló ṣe òun.

“Okun o, Póòpù,” ó ní.

“Okun, Tíṣà.”

Ó bi mí ìgbà tí ọmọ mi tún máa gba lífù. Mo ní ó di Kérésìmesì. Ó ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ orúnkún láti òní lọ, àtàńpàkò ni kí n máa fi òróró pa.